Ẹ Bi Púlọ́ńbà: Kí Ló Ń Mú Sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì Dípẹtà?

Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè kan nípa síńkì ilé ìdáná, lẹ́tà lórí ohun èlò sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì inú balùwẹ̀ àti ilé ìtọ̀ kò dáwọ́ dúró. Mo ṣa márùn-ún nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ó sì máa ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá rí irin tó yẹ kí ọmọ bá lọ́wọ́ bàbá, tí wọ́n ti fi ohun ìfọ̀ pa láàárín oṣù mélòó kan.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Báséènì, ọ̀pá táwẹ́ẹ̀lì àti ìkọ́ tíṣù onísítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ni mo rà sí balùwẹ̀ àlejò mi. Kò tíì pé ọdún kan, àmì pupa wínníwínní ti bò wọ́n lójú. Ẹni tó tà wọ́n fún mi fi òòfà dán wọn wò níṣojú mi, òòfà ò gbé wọn, ó ní ojúlówó ni. Àràárọ̀ ni ọmọ tó ń bá wa tún ilé ṣe ń fi bílíìṣì nù wọ́n. Ṣé wọn ò ti lù mí ní jìbìtì báyìí? — Onílé kan, Lẹ́kí*

Ẹ kú ìnáwó o. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lù yín ní jìbìtì, àmọ́ kí ẹ tó lọ bá ọlọ́jà jà, ẹ kọ́kọ́ gba ike bílíìṣì yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà.

Irin ṣì ni sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni chromium tí wọ́n pò mọ́ ọn, tí kì í dín sí 10.5 nínú 100. Chromium yìí ló ń bá atẹ́gùn pàdé lójú irin, tó ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú èèyàn ò lè rí. Awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ráyè dé ara irin. Bí nǹkan bá ha á, ó máa ń padà bo ara rẹ̀, bí ojú ibẹ̀ bá sáà ti mọ́, tí atẹ́gùn sì ń dé ibẹ̀. Ohun tó ń borí rẹ̀ ni chloride. Ó wà nínú iyọ̀, ó wà nínú bílíìṣì, ó wà nínú ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì. Lẹ́kí tí ẹ ń gbé, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì. Atẹ́gùn òkun nìkan ti ń gbé iyọ̀ wá bà lé irin yín. Bílíìṣì àràárọ̀ wá gorí ẹ̀.

Òòfà tí wọ́n fi dán an wò kò fi hàn pé ojúlówó ni. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa ń bá pàdé lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ní chromium bíi 18 nínú 100 àti nickel bíi 8. Ti 201, wọ́n dín nickel rẹ̀ kù, wọ́n fi manganese dí àyè rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ rà á, ó ń dán bíi 304 gẹ́lẹ́, àmọ́ ó máa ń tètè dípẹtà. Ẹ̀kẹta ni 430, tí wọn ò fi nickel sí. 430 yìí nìkan ni òòfà ń gbé dáadáa. Kò gbé 201, kò gbé 304, báwo ló ṣe máa wá sọ èyí tí ẹ rà fún yín? Kódà, igun tí wọ́n ti tẹ 304 lè fa òòfà díẹ̀, kí ẹ̀rù wá ba ẹni tó ra ojúlówó. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi ni pé kí ọlọ́jà kọ nọ́ńbà irin náà sórí rìsíìtì. Ẹni tó mọ̀ pé 201 lòun gbé wá kì í fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 304. Létí òkun bíi tiyín, bí agbára bá ká a, 316 ni kí ẹ béèrè fún. Molybdenum bíi 2 sí 3 nínú 100 ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń bá iyọ̀ jà.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi omi díẹ̀ po béékìn sódà títí yóò fi ki. Ẹ wo ojú irin náà dáadáa, ẹ óò rí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó kọjú sápá kan. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ lé ìlà yẹn, lọ-bọ̀, ẹ má yí ọwọ́ po. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná gba ojú ibi tí àmì pupa wà tẹ́lẹ̀. Bí èékánná bá ń yọ̀ lọ geere, òkè ni ìpẹtà náà mọ, ó ti tán nìyẹn. Bó bá ń kọ́ sí ihò wínníwínní, irin ti jẹ wọnú, kò sóhun tí ẹ lè fi pa á tó máa padà bọ̀ sípò.

Láti ìsinsìnyí lọ, ọṣẹ ìfọbọ́, omi àti aṣọ rírọ̀ ti tó, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Kànrìnkàn onírin ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ̀rún rẹ̀ máa ń kù sójú irin, ẹ̀rún yẹn ló máa dípẹtà, wọ́n á ní sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ni.

*Àsàlámù àlékùm, ẹ̀gbọ́n. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa fẹ́ ṣe ọpọ́n àlùwàlá gígùn kan, onísítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, rọ́pò èyí tí wọ́n fi táìlì ṣe. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè ṣe é. Kí ni ká sọ fún un? — Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, Ìlọrin*

Wà àlékùm sàlámù. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní gáàsì argon. Wẹ́dà tó mọ géètì jó dáadáa lè má mọ sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì jó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ọ̀nà ìjórin tí wọ́n ń pè ní TIG ni wọ́n fi ń jó o, tí argon á máa bo ojú iná. Ọ̀pá 308L sì ni wọ́n fi ń jó 304.

Ibi tó bá ti jó máa yọ àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ilẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná ti ba awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ níbẹ̀, chromium abẹ́ rẹ̀ sì ti dín kù, etí ojú jíjó yẹn gan-an ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ṣe fún un, pickling paste ni wọ́n ń pè é. Ásíìdì líle ni, kó bo ojú àti ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án, kó sì fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò. Ẹ tún wo ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin: òkúta tó ti fi lọ irin géètì kò gbọ́dọ̀ kan ọpọ́n yín, àfi tuntun. Ẹ̀rún irin géètì ló máa gbìn sínú rẹ̀, kí Ràmàdáánì tó kàn, ẹ ti rí àmì pupa.

Kí irin náà nípọn tó mìlímítà 1.2, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ 0.8, omi á máa dún lórí rẹ̀ bí òjò lórí páànù, ibi tí èèyàn bá sì fara tì á ti tẹ̀ wọlé. Kó rẹlẹ̀ lápá ihò ìṣànlọ omi, bíi sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń tẹ̀, tó ń ti ara rẹ̀, ló dáa jù níbẹ̀.

Ní ti gíga, mi ò ní fún yín ní nọ́ńbà. Kí wọ́n tó dè é mọ́lẹ̀, ẹ pe bàbá àgbà kan àti ọmọ iléekéú kan, kí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Ibi tó bá rọrùn fáwọn méjèèjì ni kó wà.

*Ẹ̀gbọ́n mi, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Màámi tí wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti lé lẹ́ni 80 ọdún, ó sì ti ń ṣòro fún wọn láti dìde lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ti ra ọ̀pá ìdìmú onísítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, ìbátan wa kan tó ń bọ̀ nílé máa gbé e wá. Báwo ni kí púlọ́ńbà ṣe dè é? — Ọmọ Màámi*

Àbúrò mi, Olúwa á bá wa dá Màámi sí. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju gbogbo yòókù lọ, torí ọ̀pá tó já lọ́wọ́ arúgbó burú ju kí ọ̀pá má sí lọ. Wọ́n ti gbọ́kàn lé e kó tó já.

Ẹ ronú sí ohun tó wà lẹ́yìn táìlì. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 tàbí 9 ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, ihò ńlá sì wà láàárín rẹ̀. Bí wọ́n bá lu ògiri, tí wọ́n ki ike tí súkúrù ń wọ̀ bọ ibẹ̀, inú ihò òfìfo lè ni ike náà bọ́ sí, kò sóhun tó dì mú. Ó lè gbé táwẹ́ẹ̀lì, kò lè gbé Màámi. Kí púlọ́ńbà kan ògiri náà, kó gbọ́ ọ. Níbi tó bá ti dún bí òfìfo, ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè ṣí búlọ́ọ̀kù náà, kó rọ kankéré kún un, kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán kó tó lu ihò sí i. Tàbí kó lu ògiri já, kó fi bóòtì gígùn gba inú rẹ̀ kọjá, kó sì fi páànù irin nínípọn gbá nọ́ọ̀tì mú lápá kejì. Èyí kejì ni mo fẹ́ràn jù, bí ẹ̀yìn ògiri náà bá jẹ́ ìta.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ní kí ọ̀pá náà wà ní ínṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀, kí àlàfo ínṣì 1.5 wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, kó sì lè gba agbára 250 pọ́ùn, ìyẹn bíi kílò 113. Agbára yẹn ni kí ẹ má dín kù rárá. Gíga ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí Màámi jókòó, kí wọ́n na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ dìde, kí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Súkúrù àti bóòtì gbọ́dọ̀ jẹ́ sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì bíi ti ọ̀pá. Èyí tí wọ́n ń tà ní wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa dípẹtà lábẹ́ ìdérí níbi tí ojú ò tó o. Kí wọ́n fi sílíkóònù dí etí rẹ̀ kí omi má wọlé. Kí púlọ́ńbà tó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà, kó fi gbogbo ara fà á. Ẹ ní kó ṣe fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Báséènì sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì nílé ìwé wa ní ìlà pupa lábẹ́ ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan. Omi bóhóòlù là ń lò. — Tíṣà kan, Ìbàdàn*

Ẹ bu omi náà sínú abọ́ funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n tàbí tí nǹkan pupa bá sùn sísàlẹ̀, irin inú omi ni, báséènì yín ò ṣẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ìlà náà, kó pẹ́ díẹ̀, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ ṣàn án. Àmọ́ á padà wá, àyàfi tí ẹ bá fi fílítà tó ń yọ irin sára omi náà.

*Ọ̀gá, ìgbà wo ló yẹ ká ṣí ọ̀rá tó wà lára sítẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tuntun? — Alágbàṣe kan, Abẹ́òkúta*

Lẹ́yìn tí bíríkìlà, àwọn tó ń lẹ táìlì àtàwọn akunlé bá ti lọ. Ẹ má fi í pẹ́ nínú oòrùn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á lẹ̀ pa. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lára táìlì. Èéfín rẹ̀ nìkan tó láti mú irin dípẹtà, ọ̀rá ò sì lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ásíìdì fífọ̀, kí wọ́n fi omi ṣan ilẹ̀ àti ògiri dáadáa, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gbé báséènì wọlé.