Ìpakúpa àti Ìpẹ̀yàrun: Èwo Ni Ká Lò?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ̀wé nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rùwáńdà, ọ̀kan pè é ní "ìpakúpa", èkejì pè é ní "ìpẹ̀yàrun". Ta ni kí n fún ní máàkì? Ǹjẹ́ a sì lè lo ọ̀kan nínú méjèèjì fún Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí ogun sọ dahoro?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé "ikú" ló wà láàárín ìpakúpa, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. "Kú" inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìjẹkújẹ àti ìsọkúsọ, ohun tí a ń ṣe láìyan, láìní òdiwọ̀n. Bí àwọn ọmọ ogun bá ya wọ ọjà, tí wọ́n ń yìnbọn lu ẹnikẹ́ni tí ojú wọn bá bá, ìpakúpa nìyẹn. Bí wọ́n ṣe pànìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ ìdí.

Ìdí ni ìpẹ̀yàrun ń sọ. "Pa ẹ̀yà run" ló di ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì bá ọ̀rọ̀ "genocide" tí Raphael Lemkin, amòfin Júù ọmọ Pólándì, gbé jáde ní 1944 mu, nítorí òun náà so ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìran mọ́ ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí pípa. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948 sọ pé kí ènìyàn hùwà ìkà pẹ̀lú èrò láti pa àwùjọ kan run, odindi rẹ̀ tàbí apá kan, nítorí orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà, ìran tàbí ẹ̀sìn wọn, ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èrò ni òfin yìí ń wá, kì í ṣe iye òkú nìkan. Ní Rùwáńdà lọ́dún 1994, wọ́n ń yẹ káàdì ìdánimọ̀ wò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè ṣa àwọn ẹ̀yà Tutsi, tí wọ́n fẹ́ pa, sọ́tọ̀, rédíò sì ń ru àwọn apànìyàn sókè. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣa ènìyàn báyìí, "ìpakúpa" nìkan kò gbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fún ẹni kejì ní máàkì kíkún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ ní òdo. Ó ríran, kò kàn rí i tán ni.

Ní ti Ọ̀yọ́-Ilé, kì í ṣe ìpẹ̀yàrun ni àwa tí a ń gbé Ọ̀yọ́ lónìí ń pè é. Àwọn àgbà ní ìlú náà "tú", nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n ká: Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, Ògbómọ̀ṣọ́ tiyín náà sì gba ọ̀pọ̀ tó sá wá láti àwọn ìlú tí ogun tú. Ti Òṣoògùn, níbi tí wọ́n ti mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, tún yàtọ̀. Wọ́n "kó" ìlú náà ni. Ẹni tó ń kó ẹrú tà kò fẹ́ kí ènìyàn tán, ìwà ìkà tirẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá dé orí ìtàn àwọn ogun wọ̀nyẹn ní kíláàsì, "tú" àti "kó" ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́.