MGB tàbí sedan olówó ńlá? Mo ti ra méjèèjì rí

Ká ní owó ọwọ́ yín tó ra MGB, ọkọ̀ eré-sísá kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní òrùlé irin, ti àárín ọdún 1960 sí 1970, ó sì tún tó ra sedan ńlá ilẹ̀ Jámánì tó ti lo bí ogún ọdún. Èwo ni kí ẹ mú? Mo ti fi owó ra ọgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí sedan, òun ló dùn mí jù. Ọkọ̀ yẹn dùn ún wà! Ẹ ti ilẹ̀kùn báyìí, ariwo ìta ti kú. Owó pọ́ọ́kú ni mo rà á, mo rò pé ẹni tó tà á fún mi kò mọ ohun tó ń ṣe. Èmi ni n kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde, mo bá a tó kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí, táyà iwájú apá òsì ti wọnú lọ. Kì í ṣe sípíríńgì ló gbé e dúró, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni, rọ́bà náà sì ti gbó, ó ń jò lóru. Tí mo bá ṣáná sí i, á dìde, n ó sì máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tan ara mi jẹ. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kò rí ìsinmi, òun náà bá jóná. Ọkọ̀ ti di àlòkù, owó páàtì rẹ̀ kò di àlòkù o.

MGB náà ń yọni lẹ́nu, kódà ó ń yọni lẹ́nu jù ú lọ. Ṣùgbọ́n á ti kígbe kó tó dákú. Kábúrétọ̀ méjì ló ní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní SU; àwọn ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan bá ń fa afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Mo máa ń fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sétí, n ó ki orí kejì sẹ́nu kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, n ó sì máa yí sùkúrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìró méjèèjì á fi dọ́gba. Sípánà àti sùkúrúdíráfà ti tó. Ó lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, nítorí náà páàtì kò wọ́n. (Ti bátìrì ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: méjì ni, fóòlítì (volt) mẹ́fà-mẹ́fà, lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ̀yìn yín á ròyìn.)

Ìpẹtà ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin, ìsàlẹ̀ ló gbé agbára rẹ̀; irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì, ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo ìpẹtà ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Bí àlàfo etí ilẹ̀kùn bá ń dínkù, tí ilẹ̀kùn ń há, ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàbọ̀.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ó máa fi kó ọmọ, ẹ ra sedan, ṣùgbọ́n kó jẹ́ onísípíríńgì irin, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín pamọ́ fún àtúnṣe. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kejì, èmi ti ta sedan tèmi. MGB ṣì wà nílẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ lọ tú báyìí.