Nígbà Tí Oníbàárà Ìgbèríko Kò Bá Retí Púpọ̀ Lọ́wọ́ Báǹkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe ìwádìí lórí ojú tí àwọn ará ìgbèríko fi ń wo iṣẹ́ tí àwọn báǹkì aládàáni ń ṣe fún wọn. Ìwé ìbéèrè SERVQUAL, tí wọ́n fi ń wọn bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún oníbàárà ṣe dára tó, ni mo lò. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí wọ́n retí àti ohun tí wọ́n rí gbà kéré púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn ènìyàn kan náà yìí ni mo ti gbọ́ ìráhùn lóríṣiríṣi. Ṣé òṣùwọ̀n yìí ló ní àbùkù ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò?

ÌDÁHÙN: Ìráhùn yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Parasuraman, Zeithaml àti Berry, tí wọ́n gbé SERVQUAL jáde ní ọdún 1988, ní kí á gbé gbólóhùn 22 síwájú oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nípa ohun tó ń retí, lẹ́ẹ̀kan nípa ohun tó rí, kí ó fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 7, kí á sì yọ máàkì ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé báǹkì, tí wọ́n sì ti sọ fún láìmọye ìgbà pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, kí ó padà wá lọ́la, kò ní retí ohun púpọ̀ mọ́. Bí ó bá retí 3 nínú 7, tó sì rí 3, àlàfo rẹ̀ di òdo; ará ìlú ńlá tó retí 7, tó rí 5, ni yóò wá dà bí ẹni tí wọ́n ṣe àìdáa sí. Nítorí èyí, èmi fara mọ́ ọ̀nà tí àwọn olùwádìí Cronin àti Taylor dá lábàá ní ọdún 1992, pé kí á fi ìretí sílẹ̀, kí á wọn ohun tí oníbàárà rí nìkan.

Ẹ tún wo ìwé ìbéèrè yín dáadáa. Nínú ẹ̀dà ti ọdún 1988, gbólóhùn mẹ́sàn-án ló wà ní ọ̀nà òdì. Bí ẹ bá ka “wọn kì í tètè dá oníbàárà lóhùn” sí ẹni tí kò mọ̀wé létí, tó sì fèsì pé “bẹ́ẹ̀ ni,” ta ni yóò sọ èyí tó gbà? (Ẹ̀dà ọdún 1991 ti yí wọn padà.) Ẹni tí a bá sì bi ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, níṣojú òṣìṣẹ́ tí yóò tún padà lọ bá lọ́la, yóò yin òṣìṣẹ́ náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa béèrè: ìgbà mélòó ni ẹ lọ sí báǹkì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ padà láìgba owó? Ta ló bá yín kọ fọ́ọ̀mù? Ṣé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé owó tí wọ́n yọ fún yín? Kí ẹ sì wá àwọn tí kò lo àkáǹtì wọn mọ́ kàn, nítorí ilé ni ẹ ti máa bá wọn, ẹ kò ní rí wọn lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gbowó.