Ṣé a lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́jà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ìtàn ni mí n'Íbàdàn. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì fẹ́ gba orí Odò Ọya láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́jà nínú oṣù Kẹsàn-án, kí a máa dúró níbi tí ìtàn bá wà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrònú, ọ̀gá olùkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ nínú oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni odò máa ń kún, ìtì igi a sì wà lábẹ́ omi tí atukọ̀ ò ní rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ ṣe ìgbéyàwó bọ̀ lóru dojú dé ní agbègbè Pàtégì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ni kí ẹ lọ, ojúmọmọ nìkan. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kárí, kí ti àwọn ọmọ bá wọn lára mu. Bí èrò bá ti kún ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti sanwó.

Ẹ má sì fi odò dé Lọ́kọ́jà. Ọ̀nà yẹn ti gùn jù fún ọmọdé nínú ọkọ̀ onípákó. Jẹ́bà sí Tádà ni kí ẹ fi omi rìn.

Ní Jẹ́bà, ẹ ó rí òpó ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó wá ṣàwárí odò yìí. Nítòsí ibẹ̀ ni Dayspring, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó, ti forí sọ àpáta ní ọdún 1857, nínú ìrìnàjò tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ.

Ṣùgbọ́n Tádà gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí. Abúlé Tápà ni, ní bèbè odò lápá Kwara. Ibẹ̀ ni ère bàbà ọkùnrin kan tó jókòó wà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ láti nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Àwọn Tápà ní Tsoede, ẹni tó dá ìjọba wọn sílẹ̀, ló fi ọkọ̀ gbé e wá láti Ìdà. Nígbà tó wà ní Tádà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sódò, tí wọ́n ń fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì pọ̀. Ère náà ti di ti Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan l'Ékòó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n gbé e síta, kí àwọn ọmọ rí i kí wọ́n tó rí odò tó gbé e dé. Ẹ kí baálẹ̀ Tádà kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ẹ gba títì lọ sí Lọ́kọ́jà lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí Crowther dá sílẹ̀ ní ọdún 1865 wà. Láti orí òkè Patti, ẹ ó rí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé.

Ẹ ná owó àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ ní Jẹ́bà, kí ẹ sì san ìdajì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà gúnlẹ̀.