Ẹ Bi Wá: Fífò láti inú bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́

Lẹ́tà ń wọlé lórí fífò láti inú bàálù. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń béèrè ni ti ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n ń pè ní tándẹ́ẹ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń so ẹni tí kò fò rí mọ́ iwájú olùkọ́, tí páráṣúùtì sì wà lẹ́yìn olùkọ́ náà. A mú mẹ́rin dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Diani ní Kenya ní oṣù Kejìlá, a sì fẹ́ fò níbẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an láti inú bàálù títí dé ilẹ̀, kí sì ni iṣẹ́ tiwa? (Òǹkàwé kan, Tánkẹ̀, Ìlọrin)

Iṣẹ́ yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá yín ṣe é. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, wọn á kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó ṣe, wọn á sì wọ bẹ́líìtì aláwẹ́ púpọ̀ sí yín lára, èyí tí wọ́n ń pè ní harness. Ó gba orí èjìká, àyà, ìbàdí àti itan méjèèjì. Ti itan ni kí ẹ fojú sí jù. Bí ó bá dẹ̀, ara yín á rì sínú rẹ̀ nígbà tí páráṣúùtì bá ṣí, ìnira rẹ̀ kò sì kéré. Ó yẹ kí ó fún débi pé ìdúró ṣánṣán á fẹ́ẹ̀ nira.

Bàálù á gùn dé nǹkan bí 10,000 sí 13,000 ẹsẹ̀ bàtà. 13,000 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin sókè. Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, olùkọ́ á fi ìkọ́ mẹ́rin so yín mọ́ ara rẹ̀, méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí. Ẹ ní kí ó kà wọ́n sí yín létí níkọ̀ọ̀kan.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti ìbàdí síwájú, ẹ gbé orí sẹ́yìn lé èjìká olùkọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ yín sì di bẹ́líìtì èjìká mú. Ara yín á tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ara tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú ni atẹ́gùn máa ń gbé dúró dáadáa. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó ká eékún mọ́ àyà bí ẹni tó jókòó lè mú kí ẹ̀yin méjèèjì dojú sókè. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹ má ṣe é láé.

Ẹ ó já bọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45, ní eré tó tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan, ìlọ́po méjì eré ọkọ̀ tó ń sá 100 lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ á ju páráṣúùtì kékeré kan sẹ́yìn, drogue ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dín eré náà kù. Láìsí i, ìwúwo ẹni méjì á mú kí ẹ yára jù, páráṣúùtì ńlá á sì já yín gbà pẹ̀lú agbára tó lè pa èèyàn lára tàbí kó ya aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́sẹ̀ omi Òwu nígbà òjò á mọ bí ariwo ṣe lè bo ohùn mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti atẹ́gùn yìí, torí náà ọwọ́ ni olùkọ́ á fi bá yín sọ̀rọ̀: bí ó bá gbá yín léjìká, ẹ na ọwọ́ síta. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé èémí kò wọlé, ẹ pariwo. Ẹni tó ń pariwo ń mí.

Ní nǹkan bí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, páráṣúùtì á ṣí, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje ló kù.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rọ́ ni ìbalẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yín wà. Bí olùkọ́ bá ní “ẹsẹ̀ sókè”, ẹ gbé eékún sókè, ẹ na ẹsẹ̀ síwájú gbọọrọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sókè. Ìdí yín ni yóò fà lórí koríko. Bí ẹsẹ̀ yín bá rọ̀ sílẹ̀, tiyín á kan ilẹ̀ ṣáájú ti olùkọ́, ìwúwo ẹni méjì á sì gun ọrùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì múra sílẹ̀ nílé: ẹ jókòó sétí àga, ẹ fi ọwọ́ gbá abẹ́ itan mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè gbọọrọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Ikùn tí kò lè gbé ẹsẹ̀ lórí àga kò ní gbé e lójú òfuurufú.

Ní ti Diani tó wà létí òkun: bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn wẹ̀ lábẹ́ omi, ẹ jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá kí ẹ tó fò.

Ẹ̀yin olóòtú, hìjáàbù ni mo máa ń wọ̀. Ṣé wọn á ní kí n bọ́ ọ? Ṣé mo sì lè fò nígbà ààwẹ̀? (Arábìnrin kan, Ọjà-Ọba, Ìlọrin)

Ẹ kò ní láti bọ́ ọ. Hìjáàbù kékeré, èyí tó ń fà tó sì mọ́ orí, ni kí ẹ lò, kí ẹ ti etí rẹ̀ bọ inú ọrùn aṣọ. Ẹ má fi píìnì kankan sí i. Jilbáàbù àti ìró kò ṣeé wọ̀, nítorí aṣọ tó ń fẹ́ lélẹ̀ lè bo ohun tí olùkọ́ á fà láti ṣí páráṣúùtì. Ṣòkòtò fífẹ̀ àti bùbá alápá gígùn dára, aṣọ àwọ̀lékè wọn á sì bò ó. Ẹ bọ́ yẹtí, òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Bẹ́líìtì ìbàdí á tẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ egungun, ojú ibẹ̀ á sì dápàá. Bàtà kánfáàsì tí ẹ so okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló tọ́. Òtútù wà lókè: ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ó ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius méjì. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 30, òkè lè tó 5.

Bí ẹ bá fẹ́ olùkọ́ obìnrin, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́. Wọn kò pọ̀.

Ní ti ààwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Ara tí omi kò sí nínú rẹ̀, tí bẹ́líìtì tún fún itan rẹ̀, tètè máa ń dákú tàbí kó bì, pàápàá nígbà tí páráṣúùtì bá ń yí. Ẹ jẹun díẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú, bí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe àmàlà àjẹyó. Bí inú bá ń ru yín, ẹ sọ fún olùkọ́ kíá kó má yí mọ́, kí ẹ sì máa wo ọ̀ọ́kán.

Ọmọ ọdún 52 ni mí, mo wọn kílò 104, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ bá mi lọ, SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé àwa méjèèjì lè fò? (Bàbá kan, Ọ̀fà)

Bàbá, ẹ kú ọrọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín la ó fi ṣáájú: kí ó má fò, àfi bí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ tó ń fún èrò ní afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú ńlá kò sí nínú bàálù kékeré wọ̀nyí. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ àti òtútù lókè lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún SS tàbí SC. AS sábà máa ń fò láìsí wàhálà, àmọ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ní tiyín, ọ̀pọ̀ ibùdó fi òpin ìwọ̀n sí àárín kílò 90 sí 110, nítorí iye ìwúwo tí páráṣúùtì lè gbé ní ààlà, ti olùkọ́ sì wà nínú rẹ̀. Wọn á wọn yín pẹ̀lú bàtà àti aṣọ lára. Ẹ má bu ìwọ̀n kù lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè ti ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó sanwó. Ẹ lo oògùn yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú lẹ́tà dókítà dání. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì rọlẹ̀, ẹ sún un síwájú. Bákan náà ni ọ̀fìnkìn ọyẹ́: imú tó dí lè mú kí awọ etí bẹ́ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀.

Bí páráṣúùtì kò bá ṣí ńkọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òmù-Àrán)

Méjì ló wà nínú àpò náà. Bí èkíní bá lọ́ tàbí kò ṣí dáadáa, olùkọ́ á já a sọnù, á sì ṣí èkejì. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tó ń wọn gíga àti eré: bí wọ́n bá ṣì ń já bọ́ kíkankíkan ní nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, òun fúnra rẹ̀ á ṣí èkejì. Béèrè bóyá ẹ̀rọ náà wà, àti ìgbà tí wọ́n dì páráṣúùtì kejì kẹ́yìn. Béèrè ìwé ẹ̀rí olùkọ́ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ ti fò ní ìgbà 500, kó sì ti lo ọdún mẹ́ta nínú iṣẹ́ náà, kó tó gbé èrò. Ibùdó tí kò bá fẹ́ dáhùn, gba owó rẹ padà.

Bí atẹ́gùn bá le tàbí kùrukùru bo ojú ọ̀run, wọn kò ní gbéra. Fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ ìrìn àjò rẹ, má sì fi ti ọjọ́ tí o fẹ́ padà sí.