Ọwọ́ tí ó ń bọ́ mi náà ni ó ń nà mí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 25 ni mí, Ṣómólú ni mo ń gbé. Láti ọmọ ọdún 6 títí mo fi pé 15, ọ̀dọ̀ ìbátan ìyá mi kan ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta ni mo wà, kòbókò ni ó sì fi tọ́ mi dàgbà. Àfẹ́sọ́nà mi kò nà mí rí, ṣùgbọ́n bí kò bá tètè gbé fóònù, àyà mi á já pé ó ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí ó bá sì fà mí mọ́ra, èmi ni n ó wá ìjà. Wọ́n ní kí n lọ gba ìtúsílẹ̀. Ṣé ayé ni ó ń ṣe mí?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, n kò rí ọwọ́ ayé nínú ohun tí o kọ, ọwọ́ ìbátan ìyá rẹ ni mo rí.

John Bowlby, dókítà ọpọlọ ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé ọmọdé máa ń dìrọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ nítorí ààbò, kódà bí ẹni náà bá ń nà án. Mary Ainsworth, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́, wo bí àwọn ìkókó ṣe ń dìrọ̀ mọ́ ìyá wọn ní Uganda ní 1954 sí 1955 (ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó, ẹ gbọ́). Ní 1987, Cindy Hazan àti Phillip Shaver, àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, fi hàn pé ìsopọ̀ olólùfẹ́ jọ ti ọmọdé àti alágbàtọ́.

Nígbà tí ọwọ́ tí ó ń bu oúnjẹ fún ọmọ bá tún jẹ́ ọwọ́ tí ó ń gbé kòbókò, ọmọ náà kò lè sá, kò sì lè sún mọ́ ọn, nítorí náà yóò kọ́ láti máa ṣe méjèèjì pọ̀. O ti ní láti máa fetí sí ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí o tó mọ̀ bóyá inú ń bí ìbátan ìyá rẹ. Ọgbọ́n ni, òun ni ó sì dáàbò bò ọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò tíì gbọ́ pé o ti kúrò ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n nà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá ní ìyá àgbà tàbí olùkọ́ kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Sọ ọ́ fún àfẹ́sọ́nà rẹ kí ẹ tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ láàárín ìjà. Kí ó máa ránṣẹ́ bí yóò bá pẹ́. Kí ìwọ náà máa sọ pé, “Ẹ̀rù ń bà mí,” dípò èébú. Òun kọ́ ni dókítà rẹ, ṣá. Má sì jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ “Yaba Left”, tí wọ́n fi ń pe ènìyàn ní wèrè, lé ọ sẹ́yìn: ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábà kò jìnnà sí ọ, àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tí a lè bá sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ní ti ìtúsílẹ̀, n kò ní kí o má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi pàṣán lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde lára rẹ, gbé báàgì rẹ, kí o sì máa lọ sílé.