Àbúrò Kétu, ka PV yẹn, ìwé tí ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ ẹ sí, kó o tó fọwọ́ sí i

Àbúrò, ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún onílù yín. O ní lẹ́yìn ìdánrawò ni wọ́n pa á, ọlọ́pàá ti kó aṣọ eré yín, fóònù yín àti igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì, ère tí eléré ń gbé sórí, lọ, wọ́n tún fi convocation, ìwé ìpè ọlọ́pàá, lé ẹ lọ́wọ́, o wá ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa rí ẹrù gbà kí ọjọ́ eré tó pé. Màá dáhùn ìyẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti convocation, torí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Mo ti débẹ̀ rí, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ orúkọ ìwé náà.

Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ni tiwa ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọba nínú eré wa, wọ́n bá òkú ẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn tá a ti ń dánra wò, wọ́n ti ṣá a lórí. Kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo wa ti di afurasí. Mi ò bínú pé wọ́n ń wádìí o, wọ́n pa èèyàn, ó yẹ kí wọ́n wádìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán sí wa, kò jọ pé ẹnì kankan nínú wọn ti jókòó wo eré orí ìtàgé rí láyé ẹ̀, lójú wọn ọ̀lẹ la jẹ́, a ò níṣẹ́. Wọ́n rí abọ́ ẹ̀jẹ̀ eré wa. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ o, omi ìṣápá pupa la sè, a fi ògì sí i kó lè ki, a kán oyin lé e kó lè máa dán, èèrà sì ti rọ́ débẹ̀ bí ẹni wá jẹ ìnáwó. Ọ̀gá kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wo ojú mi, ó tún gbóòórùn ẹ̀, ó ní kí wọ́n dì í. Wọ́n dì í tèèràtèèrà. Àdá tá a fi pákó gbẹ́, tá a lẹ bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ lára, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ gígùn ẹ̀ sílẹ̀.

Ti fóònù ló wá burú jù. Mo máa ń ka ipa tèmi sórí wasápù ẹgbẹ́ kí oníkálukú lè há tiẹ̀ sórí nílé. Balógun ni mò ń ṣe, Balógun sì ń lérí sí ọba pé ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá a. Ọ̀gá yẹn tẹ ohùn náà, ó tún un tẹ̀, ó tún tún un tẹ̀. Ó ní ohùn ta nìyí? Mo ní ohùn mi ni, ọ̀gá, ṣùgbọ́n Balógun ló ń sọ̀rọ̀. Ó gbé bírò. Ó ní Balógun yẹn, ibo ló ń gbé? Mo ní kò gbé ibì kankan, inú eré ló wà. Ó ní ṣé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n mú nọ́ńbà Balógun wá. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, ẹkún ń gbọ̀n mí, torí ọ̀rẹ́ mi ni ẹni tó ń ṣe ọba yẹn, òkú ẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn.

Ègùn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà sì ń tẹ gbogbo ẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo ní mo fẹ́ kà á. Ojú wọn le. Mo kà á, mo bá a níbẹ̀ pé mo gbà pé ohùn mi ni, pé mo sì lérí láti pa olóògbé. Kò sí eré níbẹ̀, kò sí Balógun, kò sí nǹkan kan. Mo ní mi ò fọwọ́ sí i àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé inú ìwé eré ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Torí ìyẹn nìkan ni mo ṣe sùn síbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì lásán, ẹ̀fọn ń jẹ mí, gbogbo ìgbà tí oorun bá fẹ́ gbé mi ẹnì kan á wá sẹ́nu ọ̀nà, á ní fọwọ́ sí i kó o máa lọ bá àwọn ọmọ ẹ. Àárọ̀ ni ìyàwó mi tó gbé ìwé eré dé, ọ̀gá àgbà kan ṣí i, ó bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ ketekete bó ṣe wà nínú fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tún PV kọ. Ó bú sẹ́rìn-ín o! Ẹni tó pààyàn náà, nígbà tí wọ́n máa fi rí i, kì í ṣe òṣèré rárá, ìjà ilẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Torí náà gbé ìwé eré yín dání, odindi ni o, kì í ṣe ojú ewé kan tí wọ́n á sọ pé àná lo kọ ọ́. Má sọ pé o ò ní lọ, wọ́n á wá gbé ẹ ni. Tí wọ́n bá fi ẹ́ sí garde à vue, ìyẹn àtìmọ́lé ọlọ́pàá, Constitution ilẹ̀ Benin wa ti ọdún 1990, article 18, wákàtí 48 ló sọ, tó bá máa kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹ dé iwájú adájọ́, òun ló sì máa pinnu, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà le tó. Ibẹ̀ náà ló wà pé kò sẹ́ni tó lè ní kí dókítà tó o fúnra ẹ yàn má yẹ̀ ẹ́ wò. Ti lọ́yà, òfin UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná CFA, ti ọdún 2014, Règlement 05, ti fàyè gbà á kó wà lọ́dọ̀ ẹ látìgbà tí wọ́n bá ti mú ẹ, láìsí pé wọ́n ń bi í ní lẹ́tà pé ìwọ lo gbà á. Wọ́n á ní tó ò bá jẹ̀bi kí lo fẹ́ fi lọ́yà ṣe. Má dá wọn lóhùn.

Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí Facebook o, mo bẹ yín! Mọ̀lẹ́bí olóògbé tiwa kan ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó dárúkọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn, code du numérique ti 2018, òfin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Tẹ́ ẹ bá dá Ifá, ohun tí Ifá bá sọ, ẹ fi sínú. Àwọn tó máa ń dúró lẹ́nu géètì kọ̀mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n á ní àwọn mọ ọ̀gá, ẹ mú owó wá, ẹ kọjá lára wọn bí ẹni tí ò rí wọn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹrù yín. Ìyẹn ò le. Ìpànìyàn ni, dandan ni kó dé ọwọ́ juge d'instruction, adájọ́ tó ń wádìí ẹjọ́, ti kóòtù Pọ́bẹ̀ ló máa jẹ́ fún ẹ̀yin ará Kétu. Ẹ kọ lẹ́tà sí i pé kó dá ẹrù padà, tí fáìlì ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí procureur, agbẹjọ́rò ìjọba. Ẹ ka ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú PV tí wọ́n fi kó o, ẹ fi fọ́tò àti ìwé ọjọ́ eré tì í. Ẹ má padà lọ bẹ ọlọ́pàá torí ẹrù, àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Aṣọ tí kò kan ọ̀rọ̀ náà lè tètè bọ́, fóònù ní tiẹ̀, ẹ ra òmíì. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Yàrá tí wọ́n kó tiwa sí ń jò, aṣọ ọba wa ti bu kí wọ́n tó dá a padà, igi tó bá sì gbomi tó tún gbóòru á là ni. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001, ó sì wọ àkójọ wọn ní 2008, orúkọ UNESCO máa ń jẹ́ kí akọ̀wé gbé gíláàsì ojú ẹ̀ wọ̀. Tí Ìyálàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yín, bá lè bá yín lọ, á dáa.

Convocation tí wọ́n fún ẹ yẹn, ṣé wọ́n kọ ìdí sórí ẹ̀? Ya fọ́tò ẹ̀, bo orúkọ, fi ránṣẹ́, màá wò ó tí mo bá dé láti Ouando lálẹ́.